Ọgbẹ́ Ni Tátù Kó Tó Di Àwòrán

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ àti òbí wọn sọ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ní Ìkòròdú nìyí. Àwọn tí kò ráyè wá ló bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, ibi tí a ti ń wẹ egbò ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti wẹ egbò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í fi ojú kan náà wo awọ ara mọ́. Bí ọmọkùnrin kan bá na apá sí wa pé, "Ẹ wo tátù mi," ẹ̀yin á rí idì tó na ìyẹ́. Èmi á kọ́kọ́ wo etí ìlà náà, bóyá ó wú, bóyá ó ń dán, bóyá ó ṣì ń yún un.

Ẹni tó pè mí sọ fún mi lórí fóònù pé, "Màmá, ẹ bá wa bá àwọn ọmọ yìí wí." Mo ní n kò ní bá ẹnikẹ́ni wí. Ọmọ tí a bá bá wí níbí lónìí á kúrò níbí, á wá ibi kọ́lọ́fín kan lọ ní Sábó, á ya tátù rẹ̀, á sì fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀ títí tí egbò náà á fi kẹ̀. Irú wọn ni wọ́n máa ń gbé wá bá mi pẹ̀lú ibà lára, tí ìyá wọn ò sì mọ ohun tó fa ibà. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Ọgbẹ́ ni tátù kó tó di àwòrán. Gbogbo ìbéèrè tí ẹ máa bi dókítà kó tó fi abẹ kàn yín, ẹ bi ẹni tó gbé abẹ́rẹ́ tátù dání náà. Ẹ sì bi ara yín pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé tèmi. Màmá mi ní fínfín lára. Apá òsì ló wà, láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ níbí ti rí irú rẹ̀ lára àwọn ìyá àgbà: lẹ́tà aláwọ̀ búlúù tó ti ṣá, tó dà bí ẹni fi bírò kọ ọ́ tí òjò sì pa á. Àwọn ọmọge ìgbà wọn máa ń di abẹ́rẹ́ ìránṣọ bíi mẹ́ta pọ̀, wọ́n á rì í sínú tàdáwà tàbí èédú ìdí ìkòkò tí wọ́n fi omi pò, ọ̀rẹ́ á sì gún ọ̀rẹ́. Orúkọ méjì ló wà ní apá màmá mi. Èkíní ni orúkọ wọn. Èkejì ni orúkọ ọkùnrin kan tí kì í ṣe bàbá mi.

Bùbá ọlọ́wọ́ gígùn ni màmá mi ń wọ̀ títí mo fi dàgbà, ìbáà ṣe ninu ooru oṣù kẹta. Bàbá mi mọ̀ nípa rẹ̀, n kò sì gbọ́ kí wọ́n jà lé e lórí rí, ṣùgbọ́n aṣọ yẹn kò kúrò ní apá yẹn. Lẹ́yìn tí bàbá mi lọ tán ni wọ́n tó ká apá aṣọ sókè lójú mi níbi tí wọ́n ti ń ro àmàlà. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n kábàámọ̀. Wọ́n ní, "Orúkọ tèmi ò ṣe mí ní nǹkan kan. Èkejì yẹn ni mo fi ogójì ọdún bò." Wọ́n sì ń ro àmàlà wọn lọ.

Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé òyìnbó ló kó fínfín wọ ilé Yorùbá, mo mọ̀ pé kò tíì jókòó ti ìyá àgbà kankan. Kí tátù alábẹ́rẹ́ iná mànàmáná tó dé, kóló ti wà, tí wọ́n ń fín sí apá, sí ẹ̀yìn, sí itan àwọn obìnrin, tí ó sì jẹ́ àmì pé obìnrin náà ní ìfaradà. Ilà ojú ńkọ́? Pélé, àbàjà, gọ̀ǹbọ́, kẹ́kẹ́, túrè. Olóólà ló ni iṣẹ́ náà, láti ìran dé ìran ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn bá mi lọ síbi olóólà yẹn. Olóólà mọ̀ pé ọgbẹ́ lòun ń dá. Kò pè é ní oge lọ́jọ́ tó dá a. Bí ilà bá jinná tán ló ń di oge. Ó ní omi ìgbín tó fi ń tu ibi tó bẹ́ lára, ó mọ ewé tó ń mú egbò gbẹ, bí egbò náà bá sì kẹ̀, ẹnu ọ̀nà òun náà ni wọ́n máa gbé ọmọ padà sí, torí gbogbo ìlú mọ ilé rẹ̀. Ẹni tó ya tátù fún ọ lábẹ́ ágboòrùn lẹ́bàá títì, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé o máa bá a níbẹ̀?

N kò sì ní tan yín. Olóólà kan náà yẹn máa ń fi abẹ kan kọlà fún ọmọ mẹ́rin, ó sì ń nù ún mọ́ àkísà kan náà. Kò mọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí. Àwa mọ̀. Kò sí àwáwí fún wa mọ́.

Báwo wá ni tátù ṣe ń ṣiṣẹ́? Awọ yín ní ìpele. Ti òkè pátápátá kì í pẹ́, ó ń ṣí, òmíràn ń jáde, láàárín bí oṣù kan gbogbo rẹ̀ á ti di tuntun. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni tàdáwà dúró sí, á bá a lọ bíi làálì. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ fi gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀ wọ ìpele kejì, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn, tí iṣan ìmọ̀lára wà. Kò jìn, kò ju mìlímítà kan sí méjì lọ, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni ẹ̀rọ náà máa gún yín kí àwòrán kékeré kan tó parí. Ara á rí i bí ẹni tí wọ́n kọlù. Àwọn ọmọ ogun inú ara á sáré dé, wọ́n á gbé tàdáwà náà mì, wọn ò sì ní lè dà á. Wọ́n á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu. Bí wọ́n bá kú, tàdáwà á jáde, àwọn mìíràn á tún gbé e mì. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á tilẹ̀ rìn lọ sí kókó abíyá, á sì pa ibẹ̀ láró. Àwòrán tó dúró jẹ́ẹ́ lára yín yẹn, iṣẹ́ tí ara ò lè parí ni.

Ẹnìkan níwájú níbí bi mí pé ṣé kì í ṣá. Ó ń ṣá díẹ̀, ó ń fẹ̀, ṣùgbọ́n kì í lọ. Ní 1991, àwọn tó ń rìn lórí òkè Alps, ní ààlà Ítálì àti Austria, rí òkú ọkùnrin kan nínú yìnyín. Ó ti tó ọdún 5,300 tó ti kú. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ka àmì 61 lára rẹ̀, èédú ni wọ́n fi ṣe é, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà nítòsí oríkèé bí ẹni pé ìrora ni wọ́n ń wò. Ẹran ara rẹ̀ ti gbẹ mọ́ egungun, fínfín rẹ̀ ṣì wà. Ohun tó tuntun nínú tátù òde òní kò ju ẹ̀rọ lọ. Ní 1891 ni Samuel O'Reilly ní New York gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tátù oníná mànàmáná, láti ara bírò oníná tí Thomas Edison, ará Amẹ́ríkà tó hùmọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ti ṣe. Ẹ̀rọ náà mú kí ó yá. Ó tún mú kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì gbé e jókòó sí ẹnu ọ̀nà lọ́la.

Ibi tí mo wá fẹ́ kí á pẹ́ sí nìyí, torí ibẹ̀ ni wọn kì í sọ fún yín. Awọ tiwa dúdú. Ọlọ́run dára, awọ náà lágbára, oòrùn ò rí i gbé ṣe tó bó ṣe ń rí ti àwọn ẹlòmíràn gbé ṣe. Ṣùgbọ́n èròjà tó sọ ọ́ di dúdú, ìpele òkè ló wà. Abẹ́ rẹ̀ ni tàdáwà wà. Ẹ rántí ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ dúdú, tí èèyàn jókòó sínú rẹ̀ tó ń wo títì. Àwọ̀ tó tàn, bíi yẹ́lò àti funfun, títí kan búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, á kú mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì yẹn. Dúdú ló máa ń hàn, tí ìlà rẹ̀ bá nípọn, tí àyè sì wà láàárín ìlà kan àti èkejì. Lẹ́tà wínníwínní tí ẹ rí nínú fóònù, apá òyìnbó ni wọ́n yà á sí. Bí ẹ bá gbé e fún ẹni tó ń ya tátù, ẹ bi í pé, "Ṣé ẹ ní àwòrán èyí tí ẹ yà sára ẹni tó dúdú bíi tèmi? Ẹ jẹ́ kí n rí èyí tó ti jinná, tó ti tó ọdún kan." Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà tí ó ń dán pẹ̀lú ọ̀rá kì í sọ òótọ́.

Ewu kan sì wà nínú àwọ̀ tí kò hàn. Ẹni tí kò mọ awọ dúdú á rò pé tàdáwà kò wọlé, á tẹ abẹ́rẹ́ mọ́ ọn, á tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú kan náà. Ibẹ̀ ni àpá ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àpá tí mo ń bẹ̀rù jù lọ ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní keloid. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ọgbẹ́ kékeré á jinná, ṣùgbọ́n ẹran tó di í kò ní mọ ibi tó yẹ kó dúró. Á wú kọjá ààlà ọgbẹ́ náà, á le, á máa dán, á máa yún ni, á máa ta. Ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju ẹ̀yà mìíràn lọ, ó ń rìn nínú ẹbí, ọjọ́ orí ẹ̀yin ọ̀dọ́ gan-an, láti bí ọdún 10 sí 30, ló sì máa ń jáde jù. Etí, àyà, èjìká, òkè apá àti abẹ́ àgbọ̀n ni ilé rẹ̀. Ẹ wò ó, àyà, èjìká àti òkè apá yẹn náà ni ẹ fẹ́ràn láti ya tátù sí. Ẹni tó bá rò pé òun á gé e kúrò yóò rí i pé ó sábà máa ń padà, nígbà mìíràn ó máa ń tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kò gba owó láti yẹ ara yín wò. Ẹ wo ẹ̀yìn etí yín níbi tí wọ́n lu. Ẹ wo òkè apá òsì níbi tí wọ́n gún yín ní abẹ́rẹ́ BCG, àjẹsára ikọ́ ife, nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọwọ́; ṣé àpá pẹlẹbẹ ni, àbí ó yọ? Ẹ wo ibi tí rorẹ́ ti jáde láyà. Ẹ bi màmá yín nípa ojú abẹ tí wọ́n fi bí àbúrò yín. Bí nǹkan kan bá ti wú níbi kan nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ọmọ mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ ọ́, má ya tátù. Bí o bá rí ẹni tó mọṣẹ́ jù lọ ní gbogbo Èkó, kò lè bá awọ rẹ ṣe àdéhùn.

Ó kan ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ohun tó bá wọ ìpele tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn, ó lè gbé àrùn láti ara ẹnìkan bọ́ sí ara ẹlòmíràn. HIV ni gbogbo ènìyàn máa ń bẹ̀rù. Èmi ń bẹ̀rù hepatitis B jù, àrùn tó ń jẹ ẹ̀dọ̀, torí ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, kì í tètè ṣe ni ní nǹkan, kòkòrò rẹ̀ sì lè wà láàyè fún ọjọ́ 7 ó kéré tán nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ, tí ojú ò tilẹ̀ rí. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò ní Mọ́ńdè lè kó o ran ẹni tí wọ́n yà fún ní Sátidé. Hepatitis C náà wà, òun kò ní àjẹsára. Ti B ní. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń gún un fún àgbàlagbà: òní, oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, àti oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ọdún 2004 ni wọ́n fi kún àjẹsára àwọn ọmọdé ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tó bá jùyẹn lọ lọ́jọ́ orí kó má fi ọkàn sí i pé wọ́n ti gún òun. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó lọ ya ohunkóhun. Bí ẹ ò bá tilẹ̀ ya tátù láéláé, ẹ lọ ṣe é.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ojú ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́ kí ẹ tó jókòó. Ojú yín ni kí wọ́n ti ya ọ̀rá abẹ́rẹ́ tuntun. Tàdáwà, inú ìdérí kékeré ni kí wọ́n dà á sí fún ẹ̀yin nìkan, kí wọ́n da ìyókù nù. Bí ẹ bá rí i pé inú ìgò ńlá ni wọ́n ń ti abẹ́rẹ́ bọ̀, ẹ dìde. Bíléèdì tí wọ́n fi fá irun apá yín kó jẹ́ tuntun. Ìbọ̀wọ́ tuntun, tí wọ́n á sì pààrọ̀ bí wọ́n bá fi gbé fóònù. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ẹ ṣọ́ ọ dáadáa, torí fóònù ò ní dákẹ́. Ohun èlò onírin tí wọ́n ń lò padà, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ń pa kòkòrò rẹ̀. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló tẹ́ mi lọ́rùn: autoclave, ìkòkò tó ń fi ooru omi àti agbára ìfúnpá ṣiṣẹ́, ní ìwọ̀n ooru 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú 15. Dẹ́tọ́ọ̀lù kò tó. Ọtí ògógóró kò tó. Omi gbígbóná inú kẹ́tùrù kò tó, iná àbẹ́là kò tó. Kí ẹ sì tún bi wọ́n pé bí iná bá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, báwo ni ìkòkò yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ojú tí wọ́n máa fi wò yín máa sọ púpọ̀ fún yín.

Tàdáwà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù kìíní 2022, àjọ EU ní Yúróòpù fi òfin dí èròjà tó lé ní 4,000 lọ́wọ́ nínú tàdáwà tátù, nítorí àwọn kan nínú wọn lè fa jẹjẹrẹ tàbí kí wọ́n bá awọ jà. Àwọ̀ pupa ló máa ń bá awọ jà jù. Ìgò tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tí kò ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ á tán, ẹ má jẹ́ kó wọ ara yín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Mo ti rí bàbá tó na ọmọ rẹ̀ nítorí tátù, tó ka Léfítíkù inú Bíbélì sí i létí, tí ọmọ náà ká aṣọ sókè, tí gbẹ́rẹ́ 12 sì wà láyà rẹ̀ tí bàbá kan náà mú un lọ sín. Bíléèdì wo ni wọ́n fi sín in? Ta ni wọ́n sín fún ṣáájú rẹ̀? Bàbá náà kò lè sọ. Awọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín gbẹ́rẹ́ àti tátù. Kòkòrò hepatitis kò bi ni bóyá oògùn ni tàbí oge. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ bẹ̀rù abẹ́rẹ́ àlòtúnlò, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù bíléèdì àlòtúnlò, lọ́dọ̀ onígbẹ́rẹ́, lọ́dọ̀ ẹni tó ń gé èékánná àti lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀.

Òfin sì wà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, abala 24, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fín tátù tàbí kọ àmì sí ara ọmọdé, ọmọdé sì ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Owó ìtanràn rẹ̀ kò ju 5,000 náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Lójú tèmi, ìyà náà kéré jọjọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ó kan olóólà, ó kan ẹni tó ń ya tátù, ó kan òbí tó mú ọmọ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan làálì, torí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ń sọ pé, "Mà, làálì nìkan lèmi ń ṣe, ó máa lọ." Làálì gidi, ewé ni. Pupa tàbí búráùn ló máa ń mú awọ, ó sì máa ń gba wákàtí mélòó kan. Bí wọ́n bá fi èyí tó dúdú kirikiri kun yín lọ́wọ́, tó sì mú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n pò mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, dáì tí wọ́n fi ń kun irun ewú ni. Èròjà kan wà nínú dáì yẹn tí wọ́n ń pè ní PPD. Kò yẹ kí wọ́n fi kun awọ. Mo ti wẹ ọwọ́ ìyàwó tuntun kan, ọjọ́ kẹrin ìgbéyàwó rẹ̀, tí òdòdó làálì náà ti di ìléròrò, tí ó rí roro bí òdòdó tí wọ́n yà, ewé kọ̀ọ̀kan ní omi nínú. Ó jinná, ó fi àpá funfun sílẹ̀. Ara tí PPD bá ti bà jẹ́ báyìí kì í gbàgbé. Bí ó bá kun irun lẹ́yìn 20 ọdún, ojú rẹ̀ lè wú. Ẹ kọ dúdú, kí ẹ gba pupa.

Aláboyún, ẹ dúró kí ẹ bímọ tán. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ lọ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dáwọ́ lé e.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá yà á, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni ojú egbò náà fi ń pa dé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì tún gba oṣù mélòó kan. Omi tó mọ́, ọṣẹ tí kò ta, ọwọ́ tó mọ́. Kí ẹ má họ ọ́, kí ẹ má ṣí èèpo rẹ̀. Ẹ má sì wọ ọ̀sà. Níbí, mo gbọ́dọ̀ tẹnu mọ́ ìyẹn. Ọmọkùnrin kan tó ń wa iyanrìn ní etí ọ̀sà wá bá wa lọ́dún kan. Ọjọ́ kejì tí wọ́n ya tátù sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló padà sínú omi, torí bí kò bá wọ omi kò ní jẹun. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹsẹ̀ náà ti wú dé orúnkún, ó ń gbóná, ọyún ń jáde níbi orúkọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi dùbúlẹ̀. Ẹ ò ní fi ìyẹn wé owó tátù. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wà nínú omi, ní Ìpákòdò, ní Báyékù, ní Májídùn, kó kọ́kọ́ ka iye ọjọ́ tó lè wà nílé kó tó ka owó tó wà lápò. Bí ibi tí wọ́n yà bá ń wú sí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tó ń gbóná, tí ibà bá dé, ẹ má fi òróró àgbọn pa á. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún wọn.

Ẹ ronú nípa iṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ sójà Nàìjíríà, wọ́n sọ ọ́ kedere nínú ohun tí wọ́n ń béèrè: kò gbọdọ̀ ní tátù tàbí àkọlé níbikíbi lára. Mo mọ ọmọ tó yege gbogbo eré sísá, tí aṣọ bọ́, tí ìràwọ̀ kékeré kan ní èjìká sì lé e padà sílé. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ á dúró díẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n ń sọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pé ẹ máa pa á rẹ́. Ẹ̀rọ léésà ni wọ́n fi ń pa á, ó ń wá ohun tó dúdú kó lè fọ́ ọ túútúú. Ṣùgbọ́n awọ yín náà dúdú. Bí kì í bá ṣe irú léésà tó yẹ, lọ́wọ́ ẹni tó mọ awọ wa, á pa tàdáwà pẹ̀lú àwọ̀ ara, á sì fi àwòrán kan náà sílẹ̀ ní funfun. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n ń ṣe é, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, oṣù kan sí méjì sì ni ọ̀kan sí èkejì. Àwọn tí kò lówó léésà máa ń lo ohun tí ń jóni. Mo ti wẹ egbò omi bátìrì, mo ti wẹ egbò áyọ́ọ̀nù. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n bi mí ní ìbéèrè, bàbá kan dìde, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ò wá sọ pé ọmọ tó ya tátù ti di ọmọ ìta." Mo ní, bàbá, ẹ dárí jì mí, mo sọ fún yín nípa apá màmá mi. Obìnrin tó kọ́ mi ní àdúrà ni wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni ọmọbìnrin kan wá bá mi níwájú nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń tú ká. Ó mú bébà kékeré kan dání. Ìwé ohun tí màmá rẹ̀ fẹ́ rà lọ́jà ni, tí màmá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: ata, iyọ̀, ẹja kíkà, ọṣẹ. Màmá náà kú lọ́dún tó kọjá. Ó fẹ́ kí wọ́n ya ìkọ̀wé yẹn sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, bí ó ṣe rí gan-an. Mo ní kó yí etí sí mi. Ẹ̀yìn etí òsì rẹ̀, ó wú bí ẹ̀wà tó ti rẹ nínú omi. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n lu ú ni.

Mo sọ òótọ́ fún un. Mo ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ màmá rẹ kò ní ṣeé kà mọ́ bó bá wú báyìí." Ó dákẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, n kò sì mọ ohun tí mo lè fi kún un. Bàbá alágbẹ̀dẹ wúrà kan tó ń kó àga jọ nítòsí wa ló gbọ́. Ó ní kó jẹ́ kí òun wo bébà náà. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ó wò ó pẹ́, ó sì ní òun lè fín in sára ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà, lẹ́tà sí lẹ́tà, títí kan ibi tí bírò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí "ọṣẹ". Ọmọbìnrin náà bi í pé ṣé bébà náà ò ní bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní rárá, fọ́tò rẹ̀ nìkan lòun máa yà. Wọ́n jọ jáde lọ síta níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀.